Kí ẹ tó gba ohùn inú ètò rédíò àtijọ́ gbọ́

Ó pẹ́ tí mo ti ń tẹ́tí sí ètò ọ̀rọ̀ sísọ àti dọkumẹ́ńtárì tí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò kó pamọ́. Ohun tí mo kọ́ jù níbẹ̀ ni pé kí n kọ́kọ́ wádìí bí wọ́n ṣe gba ohùn kan sílẹ̀ kí n tó gbà á gbọ́.

Ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe ètò náà ná. Bó bá ti ṣáájú ìgbà tí ẹ̀rọ téèpù tó ṣeé gbé kiri wọ́pọ̀, ìyẹn láàárín 1950 sí 1959, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwé ni òṣìṣẹ́ tí ẹ ń gbọ́ ń kà, tàbí kó tiẹ̀ jẹ́ òṣèré ló ń ṣe bí òṣìṣẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ o. Àwọn ọ̀gá rédíò ni kì í fẹ́ kí ènìyàn sọ ohun tí wọn ò tíì kà. Ní 1958, BBC gbé The Ballad of John Axon sáfẹ́fẹ́, lórí awakọ̀ ojú irin kan tó kú lẹ́nu iṣẹ́ ní 1957. Charles Parker, olóòtú ètò náà, àti akọrin Ewan MacColl lọ bá ìyàwó awakọ̀ náà àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, wọ́n gbohùn wọn sórí téèpù, ohùn wọn gan-an ni wọ́n sì pò mọ́ orin, wọn ò wá òṣèré kankan. Ẹ gbọ́ dọkumẹ́ńtárì kan tó dàgbà jù ú lọ, kí ẹ wá gbọ́ òun. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ní fara sin.

Ẹ̀rọ pàápàá lè yí ohùn padà. Herbert Morrison ti rédíò WLS ní Chicago ló ròyìn bí ọkọ̀ òfuurufú Hindenburg ṣe jóná ní New Jersey, ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, 1937. Ọ̀pọ̀ rò pé ojú ẹsẹ̀ ni aráyé gbọ́ ọ. Rárá, orí awo rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n gbà á sí, ó di ọjọ́ kejì kó tó jáde. Ẹ̀rọ tó gbà á sílẹ̀ tún falẹ̀ díẹ̀, nítorí náà, bí awo náà bá ń yí bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ Morrison á sáré, ohùn rẹ̀ á sì ga ju bó ti rí lọ. Ìbànújẹ́ rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ẹ̀rọ ló bu tiẹ̀ mọ́ ọn.

Bí ẹ bá ń wá ètò, orúkọ olóòtú tàbí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi wá a. Àkọlé máa ń tanni. Studs Terkel fọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò lórí WFMT ní Chicago láti 1952 títí di 1997. Orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti fi wọlé.

Ètò mìíràn sì wà tí ẹ ò ní rí láé. Téèpù wọ́n, wọ́n máa ń pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ ti BBC, ẹ wò ó nínú ìwé ìròyìn The Listener, tó jáde láti 1929 sí 1991. Wọ́n tẹ púpọ̀ nínú wọn síbẹ̀.