Hóró Ẹ̀wà Mẹ́ta fún Èlú

Ọjọ́bọ̀, alẹ́. Òṣogbo.

Yíǹkì mákà ṣì wà ní ìka mi. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ti ń kọ ìbéèrè sórí páálí níbi ìpàdé kan ní Òkè-Fìà. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ní kí àwọn onímọ̀ ewéko lọ wádìí, kí n kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an, kí n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà tí a fi máa jẹun ọ̀sán, ó ti di méjìlélógójì.

Owó ìwádìí kì í tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká jọ fẹnu kò lórí ohun tó yẹ kó ṣáájú. Àwọn onímọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀ ní 2011: wọ́n ní kí aráyé fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ṣà á títí ó fi ku 100. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojúkorojú ni. Àgbẹ̀ kòkó láti ọ̀nà Iléṣà, àwọn ìyá tó ń yan gaàrí, onírú, olùkọ́ bíi tèmi, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ tó wá láti Ìbàdàn.

Orí ẹ̀gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti gbóná jù. Màmá kan tó ń yan gaàrí lọ́nà Ìlobùú ní ẹyọ kan péré ni tòun: kí ló dé tí ẹ̀gẹ́ kì í fi í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tí yóò fi bàjẹ́ tí wọ́n bá ti wà á? Tí mọ́tò bá kú sọ́nà oko, owó ti wọmi. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ sì fẹ́ ká fi àrùn cassava brown streak ṣáájú, èyí tó ń dá àgbẹ̀ lóró ní Tanzania, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, tí kò tíì dé Nàìjíríà.

Màmá ní, "Ọmọ mi, àrùn tí ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi lẹ fẹ́ náwó sí. Ẹ̀gẹ́ mi tó ń rà lójú mi ńkọ́?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà," ó wá rọra ṣàlàyé. Eṣinṣin funfun kéékèèké abẹ́ ewé, tó ń tan àrùn tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò lọ́dọ̀ wa, ló ń tan èyí náà. Igi ẹ̀gẹ́ tí èèyàn gé lóko tó ti kó o, tó lọ gbìn síbòmíràn, sì lè gbé e lọ ọ̀nà jíjìn. Ewé lè dára lójú o. Ọjọ́ tí wọ́n bá wà á ni wọ́n máa rí i pé inú rẹ̀ ti dúdú, ó ti gbẹ.

Màmá dákẹ́. "Ẹ ní ewé ẹ̀ á dára lójú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Tí mo ti sanwó oko tán?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Orí ìdúró ni àwọn tó ń yan gaàrí ti máa ń ra oko ẹ̀gẹ́. Ewé àti ìdí igi ni wọ́n ń wò fi díye lé e.

Hóró ẹ̀wà márùn-ún ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti fi dìbò, kí a jù ú sínú abọ́ tó wà nísàlẹ̀ ìbéèrè tó wù wá. Màmá ju mẹ́ta sí tirẹ̀, ó ju méjì sí ti ọkùnrin náà. Orí mi wú.

Ẹ̀wà tí a fi dìbò yẹn náà dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àgbẹ̀ kan béèrè nípa SAMPEA 20-T, ẹ̀wà tí wọ́n ṣe ní Zaria, tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2019, pé tí òun bá gbìn ín, ṣé òun lè ṣẹ́ irúgbìn kù fún ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ní ó lè ṣe é. Jíìnì, àmì àbùdá inú irúgbìn, tí kò jẹ́ kí kòkòrò Maruca rí èso rẹ̀ jẹ, ara bàkítéríà Bacillus thuringiensis ni wọ́n ti mú un. Nígbà tí wọ́n sọ fún onírú pé ẹbí Bacillus náà ló ń mú irú rà nínú igbá tirẹ̀, ó mi orí, ó ní òun mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Nígbà yẹn ni mo rántí ìkòkò aró ìyá àgbà mi. Nǹkan kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà: èlú gígún tí wọ́n rọ di ìṣù tí wọ́n sá, omi eérú, ọjọ́ mélòó kan tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kánjú, aṣọ tó ń jáde ní àwọ̀ ewé kó tó di dúdú mọ́ni lọ́wọ́. Mo kọ páálí tó kẹ́yìn: *Ewé èlú wo ló ń mú aró jù, kí ló dé tí aró míì kì í mú?* Nígbà tí a kà á, hóró mẹ́ta ló wà nínú abọ́ rẹ̀. Èmi ni mo ju ọ̀kan.

Mi ò lè bá wọn jà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé èmi wà lára àwọn tó kọ orúkọ àwọn tí a máa pè. Mo rántí àgbẹ̀, mo rántí onírú, mi ò rántí aláró. Ní Òṣogbo, ìlú aró, níbi tí ìtàn ti sọ pé igi wó lu ìkòkò aró Ọ̀ṣun nínú odò kí ìlú tó dúró! Láti 1897 ni àwọn ará Jámánì ti ń ta aró oníkẹ́míkà, ẹ̀tù inú náílọ̀n àti kọ́sítìkì sódà sì ni ọ̀pọ̀ aláró wa ń pò báyìí, tó ń jẹ wọ́n lọ́wọ́. Tí a bá pe mẹ́ta péré nínú wọn, páálí yẹn ì bá ti kọjá báyìí.

Mo pe àǹtí màmá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lálẹ́ yìí. Wọ́n ní ṣé èlú gidi ni mo ń béèrè àbí ti inú náílọ̀n. Mo ní èlú gidi, Mà. Wọ́n ní kí n wá ní Sátidé, kí n mú ìwé àti bírò, kí n sì tètè dé, nítorí wọn ò ní dúró dè mí kí wọ́n tó gún ewé.