Ikú Òjijì Nínú Táǹkì Iyùn: Bí Mo Ṣe Tọpa Ohun Tó Fà Á

Táǹkì tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí wà ní pálọ̀ wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Iyùn tó jẹ́ ẹ̀dá alààyè inú òkun ni mò ń sìn nínú rẹ̀, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ó ń gba nǹkan bí 300 lítà omi iyọ̀. Acropora àti Montipora, irú iyùn méjì tó ní egungun líle, ló wà lókè, níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ jù lọ tí omi sì ti ń rú gan-an. Euphyllia, iyùn ọlọ́wọ́ gígùn, wà láàárín. Àwọn iyùn rírọ̀ tí kò ní egungun líle sì wà nítòsí yanrìn. Nígbà tí mo kọ àkọsílẹ̀ tó ṣáájú èyí, bí àwọn Acropora ṣe ń yọ ẹ̀ka tuntun ni mo ń ròyìn. Láti ìgbà náà, mélòó kan nínú wọn ti kú, mo sì fẹ́ kọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé ohun tó pa wọ́n kì í ṣe ohun tí àyẹ̀wò tí a máa ń ṣe nílé lè fi hàn.

Acropora aláwọ̀ ewé tó wà lápá ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Ní alẹ́, kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ ti ń bó láti ìdí bọ̀ lókè, ó ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú omi, egungun funfun nìkan ló sì ń kù lẹ́yìn rẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí kí àwọ̀ iyùn kàn ṣá. Bí àwọ̀ iyùn bá ṣá, àwọn ohun ọ̀gbìn tíntìntín tó ń gbé nínú ara rẹ̀, tí wọ́n ń bá a pèsè oúnjẹ láti inú ìmọ́lẹ̀, ló jáde. Ara náà ṣì wà níbẹ̀, ó kàn mọ́ gaara bíi gíláàsì ni, iyùn bẹ́ẹ̀ sì tún lè yè. Ti èyí tí mò ń sọ yìí, ara fúnra rẹ̀ ló ń kú tó ń bọ́, èyí tí àwa tí a ń sin iyùn ń pè ní RTN. Ó lè mú odidi iyùn lọ láàárín wákàtí díẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti mú Acropora mìíràn, etí Montipora ti ń funfun, Euphyllia sì ti ká ọwọ́ rẹ̀ wọnú.

Alkalinity ni mo kọ́kọ́ wọ̀n, ìyẹn ìwọ̀n èròjà tí iyùn fi ń mọ egungun rẹ̀, nítorí pé bí ó bá ṣàdédé lọ sókè tàbí sódò, Acropora ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ó wà ní 8.3 dKH, ohun èlò àyẹ̀wò kejì sì gbè é lẹ́sẹ̀. Iyọ̀ wà ní 35 ppt (gíráàmù 35 nínú kìlógíráàmù omi kan) lórí refractometer, ohun èlò tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, tí mo ti fi omi tí a dìídì pò sí 35 ppt ṣètò. Èmi kì í fi omi lásán ṣètò rẹ̀, nítorí pé ó lè tọ̀nà ní òdo kí ó sì máa purọ́ níbi tí a ti nílò rẹ̀ gan-an. Ooru omi jẹ́ 25.5°C, calcium jẹ́ 430, magnesium jẹ́ 1,340, nitrate jẹ́ 5, phosphate sì jẹ́ 0.05. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹnikẹ́ni lè bá wí.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ táǹkì ti ń bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, lójú tèmi. Bí iyùn bá ń kú tí nọ́ḿbà sì dára, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún ènìyàn láti da nǹkan sínú omi: ẹ fi èyí kún un, ẹ yí iná padà, ẹ gbé iyùn kúrò níbí lọ sọ́hùn-ún. Gbogbo ìyípadà bẹ́ẹ̀ á wá di ìnira tuntun fún ẹ̀dá tí ara rẹ̀ kò yá tẹ́lẹ̀. Mo fi omi tuntun díẹ̀ rọ́pò, mo da èédú tuntun sínú asẹ́, mo sì fọwọ́ lẹ́rán láti ronú.

Mo pe ẹ̀gbọ́n kan ní Birmingham tó ti ń sin iyùn tipẹ́ kí èmi tó bẹ̀rẹ̀. Kò béèrè nọ́ḿbà kankan lọ́wọ́ mi.

“Àbúrò, àwọn ìgbín ńkọ́?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n lọ wò wọ́n.”

Àwọn ìgbín Trochus, tó jẹ́ pé ara gíláàsì ni wọ́n máa ń wà láti alẹ́ di òwúrọ̀, ti já sórí yanrìn. Mo gbé ọ̀kan dìde, mo fẹsẹ̀ rẹ̀ lé gíláàsì, kò lè dì í mú; ó tún ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta ní ìlàjì, ó sì rọ̀ jọ̀ọ̀. Àwọn ẹja ní tiwọn ń jẹun bí wọ́n ṣe máa ń jẹun, ara wọn le koko.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Ẹja ń jẹun, ìgbín ń ṣubú. Wá irin lọ.”

Irú irin èyíkéyìí tó lè yọ́ sínú omi, títí kan bàbà, ló ní lọ́kàn, ọ̀rọ̀ náà sì ní ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bàbà wà lára oògùn tí a fi ń wo ẹja omi iyọ̀ tí kòkòrò àìfojúrí bá kọlù, ẹja sì ń gbé inú rẹ̀ kí ó sì yè. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan náà yóò pa ìgbín, edé àti iyùn, ìdí sì nìyí tí a kì í fi lo oògùn náà nínú táǹkì iyùn. Bí àìtó afẹ́fẹ́ bá ni, ẹja ni ì bá kọ́kọ́ máa mí gúlegúle lókè omi. Bí kòkòrò tó ń jẹ Acropora nìkan bá ni, kò sí ohun tí ì bá kan ìgbín. Síbẹ̀ mo fi awò asọǹkandi-ńlá wo ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, mo wá àpá róbótó tí àwọn aràn pẹlẹbẹ máa ń jẹ sára iyùn, mo wá ẹyin wọn lára egungun tó ti ṣófo, n kò rí nǹkan kan. Omi tí mo fi ń po iyọ̀ ń gba inú asẹ́ RO kọjá, èyí tó ń yọ ìdọ̀tí inú omi ẹ̀rọ kúrò. Mita TDS, tó ń wọn àwọn ohun tó ti yọ́ sínú omi, kà á ní òdo, mo sì tún wá chlorine nínú rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí mita TDS kò lè dá chlorine mọ̀. Kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ohun gbogbo tó wà nínú omi jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara hítà kò sán. Òòfà tí a fi ń fọ gíláàsì kò ní àpá. Nígbà tí mo dé orí pọ́ǹpù tó ń rú omi lápá ọ̀tún, tí mo sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, àtẹ̀yípo inú rẹ̀, ìyẹn òòfà tó ń yí láti rú omi, kò fẹ́ jáde. Ó yẹ kí ó yọ wọ́rọ́ bí a bá ti fi ìka méjì fà á, ṣùgbọ́n èyí há. Nígbà tó jáde, mo rí i pé ike tí wọ́n fi bo òòfà náà ti wú níbì kan, ìlà sísán tín-ín-rín bí irun orí sì wà lórí ibi tó wú náà. Mo fi bébà ìnujú funfun tẹ̀ ẹ́. Omi àwọ̀ ilẹ̀ jáde láti inú ìlà náà, ó sì tàn ká bébà. Òòfà inú pọ́ǹpù ti dípẹtà, ó sì ń da ìpẹtà rẹ̀ sínú omi nígbàkigbà tó bá yí.

Mo fi omi díẹ̀ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò kan ní Jámánì tí wọ́n ti ń ṣe ICP, àyẹ̀wò tó ń ka èròjà inú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ó lè ka irin tó kéré gan-an. Bàbà jẹ́ 24 máíkírógíráàmù nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú agbami òkun, kì í sábà tó ẹyọ kan. Níkẹ́ẹ̀lì náà ga. Irin gidi (iron) ni mo rò pé yóò pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ga. Ó yé mi nígbà tí mo gbé e yẹ̀ wò: irin gidi kì í pẹ́ nínú omi iyọ̀ kí ó tó dì, kí ó sì rọ̀ sílẹ̀, òòfà neodymium, irú èyí tó wà nínú pọ́ǹpù náà, sì sábà máa ń ní níkẹ́ẹ̀lì, bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì tí a fi pa á lára ní ipele mẹ́ta. Ara ìbora onípele mẹ́ta náà ni ohun tí ICP kà ti wá.

Pọ́ǹpù náà ti kúrò. Mo ń rọ́pò omi díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ àti ooru tó dọ́gba pẹ̀lú ti táǹkì, mo sì fi resin tó ń gba irin sínú asẹ́. Resin náà ti ń yí sí àwọ̀ ojú ọ̀run, èyí tó ń fi hàn pé ó ń mú bàbà. Yóò pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé òkúta àti yanrìn máa ń fa bàbà mọ́ra, wọn a sì tún máa tú u sílẹ̀ lẹ́yìn tí omi bá ti mọ́.

Ní ti àwọn Acropora, ẹni tó bá ń dúró wò bóyá RTN yóò dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ ń fi iyùn ṣòfò ni. Mo gé orí àwọn ẹ̀ka tó ṣì ní ara, mo sì gé e wọnú ibi tó ṣì dára gan-an, kì í ṣe ní ẹnu ààlà, nítorí pé ikú náà ti wọ ààlà kí ojú tó rí i. Mo kó wọn sínú táǹkì kékeré tí omi rẹ̀ jẹ́ tuntun pátápátá. Àwọn kan tún bó níbẹ̀. Àwọn tó kù ń yọ ọwọ́ kéékèèké wọn síta lóru, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń tẹ́ ìdí lórí òkúta tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, tó túmọ̀ sí pé ó ń dàgbà.

Nínú táǹkì ńlá, àwọn ìgbín tó yè ti padà sára gíláàsì, Euphyllia sì ti ń na ọwọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì gùn tó ti tẹ́lẹ̀. Montipora kò tíì bo etí rẹ̀ tó funfun. Láti ìsinsìnyí lọ, bí mo bá ti ń fi ọtí kíkan fọ pọ́ǹpù, màá máa yọ òòfà inú rẹ̀ wò lábẹ́ iná, pàápàá èyí tó bá ń dún ju bó ṣe yẹ lọ tàbí tó há nígbà tí a bá fà á. Omi kejì ti wà lọ́nà Jámánì. Bí bàbà bá ti lọ sílẹ̀ dáadáa, ẹyọ Acropora kan péré láti inú táǹkì kékeré ni màá kọ́kọ́ dá padà, lápá òsì, níbi tí mo ti lè máa wò ó láti orí àga.