Ẹyẹ Kamẹrúùnù Wọ Sílìn Wa l'Óṣogbo

Àlùkò ló losùn, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àlùkò ní mọ̀lẹ́bí kan ní Kamẹrúùnù tí òyìnbó ń pè ní Bannerman's turaco. Kò sí níbòmíràn láyé ju òkè Bamenda lọ, nínú igbó tí kùrukùru máa ń bò lápá Òkè Oku, òkè tó ga ju 3,000 mítà lọ. Àwọ̀ ewé ni ara rẹ̀, orí àti ìyẹ́ apá rẹ̀ pupa fòò. Pupa ọ̀hún kì í ṣe ẹ̀tàn: bàbà wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Ẹyẹ náà mọ ara fi pa mọ́ sáàárín ewé. Igbe rẹ̀ lèèyàn sábà ń gbọ́ kó tó rí i, bó bá tiẹ̀ rí i.

Igbe yẹn ni mo fi ṣe ohùn ìpè fóònù mi. N ò sọ fún ìyàwó mi. Ta ní ń jókòó sọ irú ìyẹn fún ìyàwó?

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sọ́jà Ìgbọ̀nà, mo fi fóònù sí ṣájà lórí wọ́dìróòbù. Ìyàwó mi pè mí pé kí n fi tàtàṣé kún ọjà. "Kọ́ọ̀-kọ́ọ̀-kọ́ọ̀-kọ́ọ̀!" Ìyá rẹ̀ tó wá kí wa láti Ìkìrun fò dìde.

"Àjẹ́ ké lánàá..." Wọn ò parí ẹ̀, Sáàmù ló kù tí wọ́n ń kà.

Ìyàwó mi sáré tún pè mí pé ẹyẹ ti wọlé o. Ẹyẹ ké. Ó gé ìpè, ẹyẹ dákẹ́.

"Ṣé o rí i báyìí?" ni Màmá wí. "Kò fẹ́ kí o sọ fún ọkọ rẹ!"

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ó gun àga, ó tú sílìn, eruku àti ìtẹ́ eku ya sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò rí ẹyẹ.

"Ìyá Àyọ̀, ẹ tún pe Dádì wò, kó lè ké, kí n mọ ibi tó bà sí."

Ọpọlọ yẹn pé, ó kàn kù díẹ̀ kó débẹ̀ ni. Ìyàwó mi pè. Ẹyẹ ké lẹ́yìn káfíńtà gan-an, ó yí padà pẹ̀lú òòlù, dígí wọ́dìróòbù fọ́ yángá.

Bí mo ṣe gbé àpò ata wọlé rèé. Mo na ọwọ́ sókè, mo mú fóònù, mo tẹ ohùn náà kí wọ́n gbọ́. Màmá ti dé ojú títì kó tó ké tán.

Káfíńtà nu eruku ojú rẹ̀, ó wò mí.

"Dádì, owó mi ńkọ́? Ẹyẹ ni wọ́n ní kí n wá, a ṣáà ti rí i."