Ìbínú mi ju ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ lọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára Okonkwo

Ẹ̀yin ọkùnrin tí inú ń bí sí bàbá yín, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn la sin bàbá mi. Gìtá ni wọ́n ń ta láyé wọn, gbèsè ni wọ́n fi sílẹ̀, àtikékeré ni mo ti búra pé mi ò ní jọ wọ́n. Mi ò sunkún. Mo sanwó kánópì, mo pín ìrẹsì, gbogbo èèyàn ń sọ pé mo ṣe ọkùnrin.

Lọ́jọ́ kẹta mo wọlé bá ọmọ mi, ọmọ ọdún 11, ó gbé gìtá bàbá àgbà lé itan, ó ń fọwọ́ ta okùn tó kù jẹ́jẹ́, ó ń sunkún. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbá a létí, mo já gìtá gbà, mo là á mọ́lẹ̀. Ọmọ ò ké o. Ó kàn ń ṣa pákó ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀wù ẹ̀, ó ń wojú mi bóyá màá tún na òun. Mi ò kì í na ọmọ tẹ́lẹ̀ o, ẹ bi ìyá ẹ̀.

Oorun ò kùn mí lálẹ́ yẹn, mo mú Things Fall Apart, ìwé ìtàn Chinua Achebe, tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń kà fún ìdánwò. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, akọni ni mo pe Okonkwo, ọkùnrin tí ìtàn náà dá lé. Unoka bàbá ẹ̀ ń fun fèrè, ó jẹ gbèsè kú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa Ikemefuna, ọmọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ Okonkwo, Ezeudu, àgbà ìlú, kìlọ̀ fún Okonkwo pé ọmọ yìí ń pè ẹ́ ní bàbá, má lọ́wọ́ nínú ikú ẹ̀. Síbẹ̀, Okonkwo fúnra ẹ̀ ló ṣá a pa, torí kí wọ́n má pè é ní ọ̀lẹ. Ọjọ́ méjì ni ò fi jẹun. Ṣáájú ìyẹn, ó lu Ekwefi ìyàwó ẹ̀ tìtorí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó yìnbọn sí i. Kí ni ewé ṣe?

Anna Freud, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, kọ nípa irú ẹ̀ ní 1936. Reaction formation ni wọ́n ń pè é: ohun tó ń bà yín lẹ́rù nínú ara yín, òdìkejì ẹ̀ lẹ ó máa fi le koko mọ́ gbogbo ayé.

Àkọ́kọ́, bí ìbínú bá ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, ẹ jókòó. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ sunkún bàbá yín, kódà bí wọ́n jẹ gbèsè. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìbínú tó ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, ẹ̀rù ni. Kì í ṣe agbára.

Mo ti bẹ ọmọ mi, mo sunkún níwájú ẹ̀. Gìtá wà lọ́dọ̀ káfíńtà, Sátidé la jọ ń lọ gbà á.