Ẹni tó rí ọ lẹ́nu iṣẹ́ ló lè sọ̀rọ̀ rẹ: ohun tí mo kọ́ kí n tó rí residency gẹ́gẹ́ bí ọmọ DO

Nígbà tí mo pe màmá mi ní Ìbàdàn ní 2020 pé ilé ẹ̀kọ́ DO (Doctor of Osteopathic Medicine, ìṣègùn tó ń fi ọwọ́ tọ́jú eegun àti iṣan mọ́ oògùn àti iṣẹ́ abẹ) ti gbà mí ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé dókítà gidi lo fẹ́ dà, àbí àwọn tó ń to eegun?" Mi ò bínú. Nílé wa, ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n ń fọwọ́ tọ́jú eegun àti iṣan, àwọn tó ń to eegun náà ló máa wá sí i lọ́kàn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé A. T. Still, dókítà tó dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀, ló ṣí ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní Kirksville, ìpínlẹ̀ Missouri, ní 1892; pé oògùn tí àwọn MD, ìyẹn dókítà tí gbogbo èèyàn mọ̀, ń kọ là ń kọ, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe là ń ṣe; àti pé láti 2020, abẹ́ àjọ kan ṣoṣo tó ń fọwọ́ sí i, ACGME, ni residency gbogbo wa (àwọn ọdún tí dókítà tuntun fi ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́) wà.

Ilẹ̀kùn kan náà la ń gbà wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń tọ̀ débẹ̀ kò dọ́gba. Púpọ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ DO ni kò ní ilé ìwòsàn ńlá tara wọn. Nígbà tí a dé ọdún kẹta, ṣe ni wọ́n pín wa káàkiri: oṣù kan lọ́dọ̀ dókítà kan nílùú kékeré, oṣù kejì ní ilé ìwòsàn tí mo ń fi wákàtí méjì wakọ̀ dé. A máa ń kọ́ṣẹ́ dáadáa níbẹ̀, torí ìwọ nìkan lo wà lẹ́yìn ọ̀gá. Àmọ́ àwọn tó ń yan èèyàn sí residency kì í sí nítòsí. Bí o kò bá dìídì gbé ara rẹ lọ síbi tí wọ́n á ti rí ọwọ́ rẹ lẹ́nu iṣẹ́, ìwé rẹ nìkan ni wọ́n máa rí.

Ìwé náà ṣe pàtàkì o. Ọdún tó kàn wá, 2022, ni Step 1 (ìpele kìíní USMLE, ìdánwò ìwé àṣẹ tí àwọn MD ń ṣe) àti COMLEX Level 1 (irú rẹ̀ ti àwa DO) di ìdánwò tí wọn kì í fún èèyàn ní máàkì mọ́: o yege tàbí o ò yege, ó parí. Inú wa dùn, a ò tètè mọ̀ pé orí Step 2 ni wọ́n kó ẹrù náà lé. Dandan ni COMLEX fún àwa DO. USMLE ni ẹnì kan lè ṣe tàbí kó má ṣe. Mo ṣe méjèèjì, mi ò sì kábàámọ̀, nítorí ọ̀gá tó jẹ́ MD lè má mọ ohun tí 600 túmọ̀ sí nínú Level 2, ṣùgbọ́n bó bá rí 250 nínú Step 2, ọ̀rọ̀ ti yé e. Ṣùgbọ́n owó ni, àárẹ̀ sì ni. Ẹni tó ń lọ sí ìṣègùn ẹbí, tó sì ti wádìí pé ibi tí òun ń fẹ́ ń gba COMLEX, kó jẹ́ kówó rẹ̀ wà lápò rẹ̀. Ohun tí mi ò ní gbà fún àbúrò mi ni kó lọ jókòó ṣe Step 1 láìtíì múra tán, torí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe é. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, gbogbo ibi tó bá fi èsì USMLE rẹ̀ ránṣẹ́ sí ló máa rí i.

Lẹ́tà ẹ̀rí ló dùn mí jù. Mẹ́rin lèèyàn lè fi ránṣẹ́ sí ibì kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún kẹta, mo bá àgbà dókítà kan ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì, wọ́n fẹ́ràn mi, wọ́n sì ń yìn mí níwájú àwọn aláìsàn. Ojú ń tì mí láti béèrè. Wọ́n kọ́ mi nílé pé ọmọdé kì í tọrọ ìyìn lọ́wọ́ àgbà. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni mo tó kọ̀wé sí wọn. Wọ́n fèsì pẹ̀lú ìfẹ́, wọ́n ní kí n rán àwọn létí ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ àwọn. Ọkàn mi bàjẹ́. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹsàn-án tí àwọn residency bẹ̀rẹ̀ sí í ka fọ́ọ̀mù wa, lẹ́tà yẹn ò tíì dé.

Ohun tó gbà mí ni audition rotation (ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣiṣẹ́ níbi tó ń fẹ́ kí wọ́n gbà á, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ rẹ̀) tí mo ti ṣe lóṣù kẹjọ, ní ilé ìwòsàn tí mo dìídì fẹ́. Bàbá arúgbó kan wà ní wọ́ọ̀dù, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló gbé wọn wá, wọ́n ti sùn gbalaja fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ̀yìn ò sì jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn. Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá wa, tó jẹ́ MD. A wo fọ́tò àyà wọn pé kò séegun tó kán. Mo jókòó ti ibùsùn, mo ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ẹ̀yìn wọn, mo fi orí ìka gbá etí ọ̀pá ẹ̀yìn mú níbi tí ìhà ti so mọ́ ọn, mo ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, mo ń sọ ọ́ kalẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mí. Nígbà tó yá, iṣan tó le bí igi lábẹ́ ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bàbá mí kanlẹ̀, wọ́n sùn lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá ní kí n wá fi han àwọn resident.

Lọ́sẹ̀ kẹta mo tọ ọ̀gá náà lọ, mo ní, "Mà, ṣé ẹ ti rí iṣẹ́ mi tó láti kọ lẹ́tà tó múná dóko fún mi?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Èèyàn kì í sábà ka lẹ́tà tí wọ́n bá kọ nípa rẹ̀, n ò mọ ohun tí wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n lóṣù kọkànlá, lórí Zoom, kí ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò tó dé orí máàkì mi, bàbá tí kò rí oorun sùn yẹn ló kọ́kọ́ bi mí. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti 2024.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́dún kẹta báyìí, kí oṣù tó parí ni kí ẹ béèrè, lójúkojú, kì í ṣe nínú ímeèlì. Ẹ mú CV dání. Ẹ kọ ìtàn aláìsàn méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ jọ tọ́jú sílẹ̀, láìdárúkọ wọn, kẹ́ ẹ fi lé ọ̀gá lọ́wọ́, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n á fi rántí yín. Bí wọ́n bá lọ́ra láti dáhùn, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ wá ẹlòmíràn.