Igi máńgòrò Màmá
Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ òní ò rọrùn rárá o. Màmá kan ní Bódìjà ni wọ́n pè mí pé kí n wá bá wọn gé igi máńgòrò tó ti ń fara ti páànù wọn látìgbà tí ìjì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti jà, mo bá so okùn mọ́ ìbàdí mo gòkè, àtòkè la sì ti ń gé e bọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń fi okùn sọ ẹ̀ka kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ka tó bá tóbi, abẹ́ ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fi sọ́ọ̀ là díẹ̀ kí n tó wá gé e látòkè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ńṣe ló máa bó èèpo igi wálẹ̀. Àfi bí mo ṣe dé àárín tí mo rí i pé ikán ti jẹ inú ẹ̀ tán! Àyà mi já gan-an. Màmá ń sunkún nísàlẹ̀, wọ́n ní ọkọ àwọn tó ti kú ló gbìn ín. Mo rí ọmọ máńgòrò kan tó ń hù nídìí ẹ̀, mo hú u tiyẹ̀pẹ̀tiyẹ̀pẹ̀, mo bá wọn gbìn ín sẹ́yìnkùlé, ó jìnnà sílé dáadáa. Mo ti wà nídìí ọpọ́n ayò báyìí, apá ń ro mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn.