Àṣìṣe tí mo lè fojú fò nínú fíìmù ọlọ́pàá, àti èyí tí n kò lè fojú fò

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń wo fíìmù ọlọ́pàá bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Wọn yóò rí i pé omi inú ife ti lọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e mu, pé sìgá tó ti jó dé ìdí tún ti gùn padà, tàbí pé ọgbẹ́ tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ọ̀daràn ti ṣí lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Èmi náà máa ń rí wọn, mo sì máa ń gbádùn rírí wọn, ṣùgbọ́n n kì í dá àwọn tó ṣe fíìmù lẹ́bi púpọ̀ lórí wọn. Èyí tó ń bí mi nínú ni irú àṣìṣe kejì, ìyẹn òtítọ́ ayé tí wọ́n yí po, tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kì í tilẹ̀ rí mọ́ nítorí pé wọ́n ti gbà á gẹ́gẹ́ bí òtítọ́.

Ó yẹ kí a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí omi inú ife náà. A kì í sábà ya fíìmù bí ìtàn rẹ̀ ṣe tò tẹ̀léra. Bí ìran mẹ́ta bá wáyé ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láàárín, tí ìkẹta sì jẹ́ ní ìparí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà. Nínú ìran kan ṣoṣo pàápàá, bíi ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń bi afurasí léèrè ọ̀rọ̀, wọn yóò ya á láti òkèèrè, wọn yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú kámẹ́rà lójú afurasí, wọn yóò sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i lójú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kọ ọ́ sílẹ̀ ọwọ́ tí òṣèré fi gbé ife, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó gbé e, àti iye bọ́tìnì tó ṣí sílẹ̀ lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀. Ṣùgbọ́n olóòtú, ẹni tó ń gé àwòrán tó sì ń tò ó pọ̀, ni yóò yan èyí tí a ó rí, bí ojú òṣèré bá sì sọ ọ̀rọ̀ dáadáa jù lọ níbi tí ife ti wà ní ọwọ́ òdì, olóòtú tó mọ iṣẹ́ yóò mú èyí náà, yóò sì jẹ́ kí ife ṣe bó ṣe wù ú.

Walter Murch, olóòtú fíìmù ọmọ Amẹ́ríkà tó ti gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar, ṣàlàyé pé ohun mẹ́fà ló yẹ kí olóòtú wò kó tó gé àwòrán, ó sì bu ìwọ̀n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìran ṣe ń rí lára òǹwòran gba 51, bí ó ṣe ń ti ìtàn síwájú gba 23, àwọn tó kù sì ń kéré sí i títí tó fi dé orí ipò tí ènìyàn àti nǹkan wà sí ara wọn nínú yàrá, tó gba 4 péré. Inú 4 yẹn ni mo máa ń ka ọ̀rọ̀ ife àti sìgá sí.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù ni fíìmù Bullitt ti ọdún 1968. Níbi tí ọlọ́pàá ti ń fi ọkọ̀ lé àwọn apànìyàn ní ìgboro San Francisco, Volkswagen aláwọ̀ ewé kan náà ni wọ́n ń sá kọjá léraléra, nítorí pé eré sísá kan náà, tí wọ́n yà láti oríṣiríṣi igun, ni wọ́n tò pọ̀ bí ẹni pé ọ̀nà náà gùn. Ìdérí táyà tó já bọ́ lára ọkọ̀ Dodge tí àwọn apànìyàn ń wà sì ju mẹ́rin lọ. Fíìmù yìí kan náà ló gba Oscar fún iṣẹ́ olóòtú, kò sì sí ohun tí mo rí sí i.

Irú àṣìṣe kejì ni ti òtítọ́ tí wọ́n yí po. Díẹ̀ nínú wọn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìró ìbọn ìléwọ́ sábà máa ń tó nǹkan bíi 160 lórí dẹ́síbẹ́lì tí wọ́n fi ń wọn ìró, ohun tí wọ́n ń fi sí i lẹ́nu láti dín ìró náà kù kì í sì í sábà mú ju 20 sí 35 kúrò, nítorí náà kò sí bí apànìyàn ṣe lè yìnbọn ní yàrá kan kí ẹni tó wà ní yàrá kejì má gbọ́ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọlọ́pàá tó ń ṣẹ́wọ́ pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ajínigbé gbé fóònù sílẹ̀ títí ìṣẹ́jú kan yóò fi pé. Nígbà tí ẹ̀rọ onírin ń so ìpè pọ̀ ní ibùdó tẹlifóònù, títọ ipasẹ̀ ìpè ń gba àkókò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ òde òní ti kọ nọ́ńbà tó pè sílẹ̀ kí ẹni tí wọ́n pè tó dáhùn.

Ti òfin ló ń dùn mí. Nínú fíìmù Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá á mú ọ̀daràn, á gbàgbé láti ka ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí i létí, pé ó lè dákẹ́, ó sì lè ní agbẹjọ́rò, ẹjọ́ náà á sì túká. Ìdájọ́ Miranda tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ níbẹ̀ ṣe ní ọdún 1966 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ènìyàn bá wà ní àtìmọ́lé tí wọ́n sì fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ ni ìkìlọ̀ náà di dandan, bí wọn kò bá sì ṣe é, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé agbẹjọ́rò ìjọba kò ní lè fi ohun tó sọ ṣe ẹ̀rí ẹ̀bi rẹ̀. Wọ́n tún ẹjọ́ Ernesto Miranda fúnra rẹ̀ gbọ́ ní ọdún 1967 láìlo ìjẹ́wọ́ tó ṣe fún ọlọ́pàá, wọ́n sì tún dá a lẹ́bi. Èyí tó burú jù ni ti ọlọ́pàá tó ń sọ fún ìyá tó ń sunkún pé àfi tí wákàtí 24 bá pé kí òun tó lè kọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó sọnù sílẹ̀. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1990 kà á léèwọ̀ fún ọlọ́pàá láti ní irú àkókò ìdúró bẹ́ẹ̀ lórí ọmọdé tó sọnù, àwọn ọlọ́pàá Bìrìtìkó náà sì ń sọ fún aráàlú pé kí wọ́n má dúró. Ẹni tó bá fi fíìmù ṣe olùkọ́ lè jókòó sílé ní àwọn wákàtí tí àwọn tó rí ọmọ náà kò tíì gbàgbé ohun tí wọ́n rí.

Mo mọ èsì tí àwọn òǹkọ̀wé fíìmù máa ń fọ̀, pé bí àwọn bá sọ òtítọ́, eré kò ní dùn. N kò gbà. Alec Jeffreys, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàwárí ọ̀nà láti fi DNA, ohun inú ara tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi yàtọ̀, dá ènìyàn mọ̀ ní Yunifásítì Leicester ní ọdún 1984. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá agbègbè náà lò ó lórí ikú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin méjì, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó dá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti jẹ́wọ́ láre. Wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọn kò sì rí ẹni tí DNA rẹ̀ bá ti apànìyàn mu, nítorí pé Colin Pitchfork, tó jẹ́ apànìyàn náà, ti bẹ ẹnì kan níbi iṣẹ́ pé kó bá òun fi ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni náà ló tú àṣírí ní ilé ọtí, obìnrin kan tó gbọ́ sì padà fi tó ọlọ́pàá létí. Ọdún 1988 ni wọ́n sọ Pitchfork sẹ́wọ̀n gbére. Gbogbo èyí, láti orí ìjẹ́wọ́ èké dé orí ẹ̀jẹ̀ àyálò àti ọ̀rọ̀ ilé ọtí, ni fíìmù ń gé dànù kí ó lè fi kọ̀ǹpútà kan rọ́pò, tí fọ́tò ọ̀daràn á yọ lójú rẹ̀ kí kọfí tó tutù.